Monílọ́lá Tẹríba fún Olè

Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ẹbí mọ̀ pé Monílọ́lá ń kọ́ ìjà ni pé ó tẹríba fún olè.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan ni, ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́. Monílọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ ni, ní ilé ìwòsàn ojú kan níbi tó ti máa ń fi igi tọ́ka sí àwọn lẹ́tà ara ògiri pé kí àwọn aláìsàn kà á. Ó ti ra ata rodo àti àlùbọ́sà, báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, fóònù rẹ̀ wà nínú àpò síkẹ́ẹ̀tì. Àfi bí ọmọkùnrin kan tó dé fìlà pupa ṣe yọ sí i láàárín ìsọ̀ méjì, tó nawọ́, tó ní, "Gbé báàgì yẹn wá kíá!"

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí Monílọ́lá ti ń kọ́ aikídò. Ìjà àwọn ará Japan ni. Wọn kì í fi ẹ̀ṣẹ́ lu èèyàn níbẹ̀, wọn kì í fẹsẹ̀ gbá èèyàn. Ẹni tó bá di ọwọ́ rẹ mú, ńṣe lo máa bá a yí, wàá tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ báyìí, òun fúnra rẹ̀ á sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ó kéré tán, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹríba fún ara yín. Èèyàn tó bá sì ti ń tẹríba lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ara rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n ju orí rẹ̀ lọ. Bí olè ṣe nawọ́ báyìí, ẹsẹ̀ Monílọ́lá bọ́ síbi tó yẹ kó wà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sí itan, ló bá tẹríba. Ó fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ gún, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Nígbà tó fi máa gbórí sókè, báàgì ti lọ. Fìlà pupa ń fò lọ lọ́nà Arákàlẹ̀.

Ìyá aláta tó wà nítòsí dẹ́kun ata tó ń ṣà. Ó wo Monílọ́lá láti òkè délẹ̀. "Àǹtí, ṣé ẹbí yín ni? Mo rí i pé ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kó tó gbà á."

Abọ́ oúnjẹ tó ti ṣófo, agbòjò kan, àti ṣòkòtò funfun tó fi ń kọ́ ìjà ló wà nínú báàgì náà. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sunkún lé lórí. Bó bá jẹ́ pé Monílọ́lá mọ irọ́ pa ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Fẹ̀yìntọlá ló tọ́ ọ dàgbà ní Oǹdó, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni màmá yìí, kò sì sí irọ́ tí kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ lórí fóònù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà tó pè, tó ní, "Ohùn rẹ kò dáa, kí ló dé?", Monílọ́lá sọ gbogbo rẹ̀.

Màmá ní, "O ṣe kí ni?"

"Mo tẹríba, mà."

"Fún olè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó dá ọ lóhùn?"

"Rárá, mà. Ó sá lọ."

Màmá ní, "Wá sílé ní Sátidé. Kó aṣọ rẹ dání."

"Aṣọ mélòó, mà?"

"Gbogbo ẹ̀."

Monílọ́lá mọ ohun tí gbogbo ẹ̀ túmọ̀ sí. Ó túmọ̀ sí pé ó ti parí nìyẹn: yàrá tó dá gbà ní Òkè-Àró, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kun ògiri rẹ̀ kan ní àwọ̀ omi ọsàn, iṣẹ́ tó fẹ́ràn, níbi tí bàbá àgbàlagbà kan ti wọ gíláàsì tuntun lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó yọjú lójú fèrèsé, tó pariwo pé, "Ewé ló wà lórí igi yẹn, àṣé ewé ni!" Gbogbo ìyẹn á di ohun àná. Oǹdó ló máa padà sí, tí wọ́n á máa mú un lọ, tí wọ́n á máa mú un bọ̀, bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní.

Kò sì lè jiyàn. Monílọ́lá kò mọ bí wọ́n ṣe ń jiyàn. Ohùn rẹ̀ kéré dé ibi pé bó bá wọ bọ́ọ̀sì, tó bá ní "Ó wà o" kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀, dẹ́rẹ́bà kì í gbọ́. Ibùdókọ̀ kejì ló máa ń sọ̀kalẹ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn padà, bí ẹni pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

*

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ aikídò. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni gbọ̀ngàn náà wà. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni wọ́n tò sílẹ̀, tí wọ́n fi tapólì bò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ara wọn ṣubú. Olùkọ́ wọn ni Ayọ̀kúnlé. Táìsì ilẹ̀ ló ń lẹ̀ lójú ọ̀sán, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ aṣọ funfun rẹ̀ tán, Sẹ́ńséì, ìyẹn olùkọ́ lédè Japan, ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹni tí Monílọ́lá sì máa ń bá ṣe jù ni Jethro, ọmọ Ìta-Ògbólú, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣubú bíi Jethro. Bí wọ́n bá gbé e ṣubú, á fò, á ká kò bí ẹ̀wù tí afẹ́fẹ́ gbé, á fọwọ́ gbá ilẹ̀ gbàà, á sì dìde pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Sà," ni Monílọ́lá sọ fún Ayọ̀kúnlé, "ṣé aikídò ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?"

Ayọ̀kúnlé ń tún tapólì ṣe lọ́wọ́. "Ṣé níbí, àbí níta?"

"Níta, sà."

Ó ṣì ń tún tapólì ṣe. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba Monílọ́lá lẹ́rù.

Monílọ́lá yíjú sí Jethro. "Jethro, wá. Di ọwọ́ mi mú. Ṣùgbọ́n lónìí, má ṣubú o. Dúró gbọingbọin."

"Ó dáa, Àǹtí." Jethro dì í mú. Monílọ́lá kò tíì yí tán. Ká má parọ́, èrò àtiyí ló ṣì ń rò, tí Jethro ti fò sókè, tó ká kò, gbàà, tó ti wà nílẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ní má ṣubú!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí." Jethro jókòó sórí fóòmù, ó ń họrí. "Ẹ ṣáájú mi ní kíláàsì. Ẹ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Kí n wá dúró gírí níwájú yín bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé? Bí ìyá mi bá gbọ́ ńkọ́?"

Monílọ́lá ń rò ó. Gbogbo àwọn tó kéré sí i ní gbọ̀ngàn yìí ló ń ṣubú fún un. Òun náà sì ń ṣubú fún gbogbo àwọn tó jù ú lọ, nítorí ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun lágídí? Ẹnì kan ṣoṣo ló sì tíì gbé Sẹ́ńséì fúnra rẹ̀ ṣubú rí, ìyẹn náà kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ má bínú, sà," lẹ́yìn tó gbé e ṣubú tán, ó tún dọ̀bálẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n fi ń gbé ara wọn ṣubú, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó mọ̀ bóyá ìjà náà ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó sọ ọ́ síta, Jethro kọ́kọ́ lanu, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀rín náà ran Monílọ́lá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí Jethro fi tún ṣubú, èyí tí kò sẹ́ni tó ní kó ṣubú.

Ayọ̀kúnlé dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. "Màá sọ òtítọ́ fún ẹ. Ọdún méjìlá ni mo ti ń kọ́ nǹkan yìí, mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni jà níta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tíì gbà mí. Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú lójú ọ̀nà Ìlẹ́ṣà. Mo yí lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀dà, mo dìde, mo gbọn eruku. Ọwọ́ ọlọ́kadà dá. Èmi, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló já."

"Màmá mi ò ní gba bọ́tìnnì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, sà," ni Monílọ́lá sọ, ó wá ròyìn ìpè Sátidé fún wọn.

Jethro nawọ́ sókè. "Àǹtí, màá tẹ̀ lé yín lọ. Èmi ni màá ṣe ẹlẹ́rìí."

*

Nígbà tí wọ́n dé Oǹdó ní ọ̀sán Sátidé, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n rà ní Òwénà, Màmá Fẹ̀yìntọlá ti jókòó sínú pálọ̀ pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ àti fóònù lórí itan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Akínkúnmi wà, àbúrò bàbá Monílọ́lá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Kìtán nítorí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí. Kòkó ló ń rà. Òun nìkan ló máa ń gbé àpò kòkó sórí ọkọ̀, kì í sì í kérora. Ó ti jẹ iyán tán, ó ń fi ẹ̀pà panu.

Monílọ́lá kúnlẹ̀. Jethro dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Kìtán fi wolẹ̀ bóyá táìsì ti fọ́.

"Ta nìyí?" ni Màmá bi í.

"Jethro ni, mà. Àwa pẹ̀lú Àǹtí la jọ ń kọ́ ọ. Mo ti sọ ní ulé pé mo ń bọ̀ l'Óǹdó."

"Ulé," ni Bàbá Kìtán sọ, inú rẹ̀ dùn sí bó ṣe pe ilé. "Ọmọ Àkúrẹ́ ti dé. Ẹ fún un ní omi."

Màmá gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Ẹ jókòó. Láti Ọjọ́rú, fídíò mẹ́rìnlélógún ni mo ti wò lórí aikídò yìí. Òyìnbó kan ní ijó lásán ni. Òmíràn ní ó dáa fún ọlọ́pàá. Ọkùnrin kan tó nírùngbọ̀n ní bí èèyàn bá fi ogún ọdún kọ́ ọ, ó lè ṣiṣẹ́. Ìkẹrin ń ta bàtà, mi ò mọ bó ṣe débẹ̀." Ó bọ́ gíláàsì. "Gbogbo wọn ń jiyàn. Èmi sì kọ́ ọmọ ní ìwé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, bí ọ̀rọ̀ bá ti di iyàn, ìdánwò ni mo máa ń ṣe. Akínkúnmi!"

"Mà."

"Dìde. Ìwọ ni olè."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Bàbá Kìtán sọ, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa dì ọ́ lọ́wọ́ mú, Monílọ́lá. Bó o bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, Àkúrẹ́ lo máa padà sí pẹ̀lú ẹrù rẹ. Bó ò bá bọ́, lọ́la lẹ́yìn ìsìn, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ máa lọ kó èyí tó kù níbẹ̀, wàá sì kọ lẹ́tà síbi iṣẹ́ pé ó dìgbóṣe. Ṣó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà." Ohùn náà kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ó dúró síwájú Bàbá Kìtán. Bàbá Kìtán di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tóbi, ó gbóná, ó ń rùn fún ẹ̀pà. Monílọ́lá kọ́kọ́ ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó mí kanlẹ̀. Ó yí sápá òsì, ó tẹ ọwọ́, ó gbé ẹsẹ̀, ó ṣe gbogbo rẹ̀ létòlétò bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Bàbá Kìtán wò ó tìfẹ́tìfẹ́. "Ọmọ mi, ṣé o ti bẹ̀rẹ̀?"

"Mo ti parí, sà."

Ẹ̀rín tí Màmá rín, ó di gíláàsì mọ́ àyà kó má baà já bọ́. Jethro kò lè mú un mọ́ra. Ó fò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jọ̀ọ́, mà, bó ṣe yẹ kó rí kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Àǹtí, ẹ mú mi." Ó na ọwọ́ sí Monílọ́lá. Monílọ́lá fìka méjì péré kàn án. Jethro fò sókè, ó ré kọjá lórí àpótí ìtìsẹ̀, ó ká kò, gbàà! Ó bá ara rẹ̀ láàárín tẹlifíṣọ̀n àti fáànù, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Màmá na ọrùn wò ó.

"Ta ló tì í?" ni Màmá béèrè.

"Ọmọ yìí," ni Bàbá Kìtán sọ, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, "ṣé o jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé?"

Ẹ̀ẹ̀kejì wá. Lọ́tẹ̀ yìí Monílọ́lá fà, ó tì, ó lọ́, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Kìtán rọra jókòó, ọwọ́ Monílọ́lá wà nínú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì bu ẹ̀pà sẹ́nu. Nígbà tó di ìkúnwọ́ kẹta, Màmá ní, "Ó tó. Ó ku ẹyọ kan."

Ẹ̀rín ti tán lójú Màmá nígbà tó sọ ìyẹn. Monílọ́lá rí i. Ó wo àpò aṣọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó rántí ògiri aláwọ̀ omi ọsàn. Bàbá Kìtán tún dìde, ó tún dì í mú, ó sì sọ ọ́ sí i létí pé, "Gbìyànjú, ọmọ mi, mi ò bínú," ìyẹn ló wá mú kó burú sí i. Ẹni tó gbé e pọ̀n rí nìyí. Ẹni tó ra bàtà ṣọ́ọ̀ṣì fún un ní gbogbo Kérésìmesì nìyí. Ọwọ́ Monílọ́lá gan-an ló kọ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kí ọwọ́ ṣe, ọwọ́ ní òun kò ní gbé àgbàlagbà ṣubú. Omijé ti ń kóra jọ sí i lójú.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ̀pá lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó. Kó. Kó.

Màmá Wúrà ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Màmá Fẹ̀yìntọlá ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, àgbà gbogbo ilé náà. Kì í jáde ní yàrá rẹ̀ àyàfi bí ẹ̀rín bá pọ̀ jù tí wọn kò pè é sí i. Gbogbo ilé ló sì mọ ẹjọ́ tó ní pẹ̀lú Akínkúnmi: láti ìgbà tí ikùn Akínkúnmi ti yọ ni kò ti dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa mọ́. Á kàn tẹ̀ síwájú, á fi ìka kan tọ́ ilẹ̀, á sì dìde. "Bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́," ni Màmá Wúrà máa ń wí.

Bí ọ̀pá ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, Akínkúnmi tẹ̀ síwájú, ó na ìka kan sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó gbàgbé pé ọwọ́ kejì ṣì di ọmọ èèyàn mú. Monílọ́lá náà gbàgbé. Ó gbàgbé ìdánwò, ó gbàgbé olè, ó gbàgbé Japan. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kíá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí Fẹ̀yìntọlá tọ́. "Ẹ káàsán, mà!"

Ọwọ́ rẹ̀ bá a lọ sílẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Kìtán bá ọwọ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo ìyókù Bàbá Kìtán, iyán, ẹ̀pà, ikùn àti fìlà, bá ọwọ́ náà lọ. Ó gba orí èjìká Monílọ́lá kọjá bí àpò kòkó tó já lórí ọkọ̀, ó nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ dé ilẹ̀, apá méjèèjì nà síwájú.

Gbogbo wọn dúró bí ère.

Màmá Wúrà sún mọ́ ọn. Ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Akínkúnmi."

"Mà," ni ohùn kan dáhùn láti inú kápẹ́ẹ̀tì.

"Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí o ti dọ̀bálẹ̀ fún mi báyìí kẹ́yìn." Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Gbalaja. Pẹ̀lú àyà. Ọlọ́run á fún ọ ní ẹ̀mí gígùn."

"Àmín, mà."

"Kòkó rẹ kò ní jẹrà."

"Àmín, mà."

Kò sẹ́ni tó ń dìde nígbà tí àgbà bá ń wúre fún un. Bàbá Kìtán wà nílẹ̀. Màmá Wúrà gbàdúrà fún kòkó, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ, ó gbàdúrà fún ọkọ̀ àti táyà ọkọ̀, ó dárúkọ gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmín ń jáde láti ilẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan. Jethro ti fi tìmùtìmù bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń jó.

Nígbà tí àdúrà parí, Bàbá Kìtán jókòó sílẹ̀, fìlà rẹ̀ ti kọjú sẹ́yìn. "Màmá, ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe aikídò nìyẹn! Ìkíni ni! Ọmọ náà kí èèyàn ni!"

"Sà, àwọn ará Japan náà máa ń kúnlẹ̀ jà," ni Jethro sọ láti inú tìmùtìmù.

"Ìwọ, ẹni tó ń ṣubú fúnra rẹ̀, dákẹ́!"

Màmá Fẹ̀yìntọlá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Monílọ́lá, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀. "Kí ló ṣe ọ́ níbí?"

Monílọ́lá fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó wo ọwọ́, ó wo ilẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí orí Bàbá Kìtán balẹ̀ sí ni ẹsẹ̀ tábìlì wà, irin ni. "Tábìlì ni, mà. Ní gbọ̀ngàn, ẹni tó bá ń ṣubú, a máa ń fọwọ́ gba orí rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi débẹ̀."

Bàbá Kìtán fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ tábìlì. Kò tún jiyàn mọ́.

Màmá padà sórí àga rẹ̀. "Gbọ́, Monílọ́lá. Ó ku ìbéèrè kan. Bí olè yẹn bá tún yọ sí ọ ní ọ̀túnla, kí lo máa ṣe?"

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Monílọ́lá mọ̀ pé ó yẹ kó sọ pé òun á gbé e ṣubú. Ó ṣe tán, ẹni tó gbé Bàbá Kìtán ṣubú, kí ni kò lè gbé ṣubú? Ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ pa. "Màá ju báàgì náà sí i, mà. Màá sá. Màá pariwo olè."

"O ò ní tẹríba?"

"Mi ò ní tẹríba mọ́, mà."

Màmá mí kanlẹ̀, bí ẹni tó gbé garawa omi sílẹ̀. "Ohun tí mo ti ń dúró dè láti Ọjọ́rú nìyẹn. Kì í ṣe pé ìjà yẹn ò ṣiṣẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Pé o rò pé ó ń ṣiṣẹ́ ni. Pé wàá dúró síwájú ẹni tó mú ọ̀bẹ dání, wàá máa to ẹsẹ̀." Ó rọ̀gbọ̀kú. "Ṣùgbọ́n ìwọ? Kí o pariwo? Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì kì í gbọ́ ohùn rẹ. Pariwo kí n gbọ́."

"Olè," ni Monílọ́lá sọ.

"Ta lò ń sọ fún, èèrà?"

"Olè!"

"Yàrá Òkè-Àró ti ń lọ o!"

Monílọ́lá la ẹnu. Ohun tó jáde kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Bóyá gbogbo ibùdókọ̀ tó ti kọjá ló wà níbẹ̀, gbogbo "Mo ti parí, sà," gbogbo ẹkún tó gbé mì. "OLÈÈÈÈÈÈ!"

Ọmọ adìyẹ fò kúrò lójú fèrèsé. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Màmá Wúrà. Kí wọ́n tó mí, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, Olúwaṣeun ará ilé kejì já wọlé láìwọ bàtà, ó gbé ọmọ odó sókè pẹ̀lú iyán lẹ́nu rẹ̀. "Níbo ló wà?"

Ó wo Màmá, ó mọ̀ ọ́n. Ó wo Bàbá Kìtán, ó mọ̀ ọ́n. Ó wo Jethro, kò mọ̀ ọ́n rí.

Olúwaṣeun kò tíì gbé ẹsẹ̀ kan. Jethro ti fò sókè, ó ti ká kò, gbàà, ó ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀rín tí wọ́n wá rín lẹ́yìn ìyẹn wọ inú ìrọ̀lẹ́. Olúwaṣeun jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ odó lórí itan, ó ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Jethro, Jethro náà ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú. "Gbé àpò aṣọ yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Monílọ́lá. Àkúrẹ́ ló ń lọ lọ́la."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Jethro. "Ọmọ yìí, ìgbà mélòó lo ti ṣubú lónìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà, bí a bá yọ ti ìkíni kúrò."

"Níbo ló ń dùn ọ́?"

"Kò síbì kankan, mà."

"Ìyá Ọlọ́runfúnmi tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú kuáyà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Títí di òní kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì." Màmá gbé gíláàsì rẹ̀ fún Bàbá Kìtán. "Olè kọ́ ni yóò mú mi ní ọjọ́ orí yìí. Balùwẹ̀ ni. Akínkúnmi, lọ gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì mi wá. Méjèèjì."

Wọ́n tẹ́ ẹ sí àárín pálọ̀. Monílọ́lá jókòó sápá kan, Jethro sápá kejì. Láti orí ìjókòó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: kí àgbọ̀n sún mọ́ àyà, kí ẹ̀yìn ká, kí ọwọ́ gbá ilẹ̀ kí egungun má gbà á. Màmá Fẹ̀yìntọlá, ọ̀gá ilé ìwé, fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá fóòmù. Gbàà! Ó dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo àjà.

"Màmá? Ṣé kò sí wàhálà?" ni Monílọ́lá béèrè.

"Ẹ gbé mi dìde," ni Màmá sọ. "Mo fẹ́ tún un ṣe."

"Ó kàn mí," ni Màmá Wúrà sọ láti ẹnu ọ̀nà, ó ti ń gbé ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà pé gbígbá fóòmù lórí ìjókòó ti tó fún òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Monílọ́lá wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń wọ Àkúrẹ́, àpò aṣọ rẹ̀ lórí itan, iṣu mẹ́ta lábẹ́ àga, Jethro ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fóònù dún. Ohùn Màmá kún gbogbo ọkọ̀. "Monílọ́lá! Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti àárọ̀!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Monílọ́lá kó tó lè dì í mú. Ìyá tó jókòó níwájú yíjú padà pẹ̀lú àánú. "Ta ló ṣubú?"

"Màmá mi àgbà ni, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà."

"Yéè! O sì ń rẹ́rìn-ín?"

Kò lè ṣàlàyé. Ẹ̀rín náà gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, ó jí Jethro. Gbogbo ọkọ̀ ń wò ó bí ọmọ ìkà, ó ń nu omijé, Màmá ṣì ń kà á lórí fóònù pé ti ẹ̀ẹ̀kẹrin ló dáa jù. Ó gbójú sókè, ó rí i pé wọ́n ti dé ibùdókọ̀ òun, wọ́n sì ti fẹ́ kọjá rẹ̀.

"Ó WÀ O!" ni Monílọ́lá ké.

Dẹ́rẹ́bà tẹ búréèkì. Iṣu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí wá síwájú. Ọkọ̀ náà dúró síbi tó yẹ kó dúró gan-an.